Okùn Tí Kò Yí Ikùn Bàbá Káfíńtà Ká

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Bí ẹlòmíràn bá jókòó tì mí, tó ní ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ tóbi jù ládùúgbò òun wọ agbádá lọ sọ́dọ̀ dókítà nítorí okùn kan, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọkọ ìyàwó, èmi gan-an á bi í bóyá oòrùn ló pa á. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn, ojú mi ló ṣe. Ẹni tí kò bá lè gbà á, kó ṣáà máa gbọ́ ọ lọ. Gbígbọ́ kì í béèrè owó ọkọ̀.

Ní Múṣín ló ti ṣẹlẹ̀, lọ́dún díẹ̀ kí òmìnira tó dé, nígbà tí èmi náà ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ tí mo sì tín-ín-rín bí igi ìṣáná. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Èkó lè máa rẹ́rìn-ín pé ta ní ń pe Èkó ní ìdálẹ̀, pé ẹni tó bá kọjá òkun nìkan ló lọ sí àjò. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ orúkọ ìyá yín, tí ẹ bá ń kígbe níbẹ̀ tí ojú fèrèsé ń padé, kí ni ẹ̀ ń pè é? Ìdálẹ̀ ni mo pè é, n ò sì tíì rí ẹni tó já mi nírọ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo fẹsẹ̀ rìn láti Múṣín lọ sí Yábà, mo kí gbogbo ẹni tí mo pàdé, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Mo kí alágbẹ̀dẹ, mo kí oníṣu, mo kí àwọn tó dúró de bọ́ọ̀sì. Kí n tó dé Òjúẹlẹ́gbà, ohùn mi ti ha. Ìyá kan ṣoṣo ló dá mi lóhùn. Ó dúró, ó fọwọ́ lé ìdí, ó ní, "Ta ni ẹ, kí lo sì fẹ́ gbà?" Mo ní n ò fẹ́ gba nǹkan kan, pé mo kàn ń kí wọn ni. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Èyí tí kò fẹ́ gba nǹkan yìí," ló wí, "òun gan-an ló yẹ ká ṣọ́ra fún."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ìkíni mi pamọ́ sápò.

Ìwé mẹ́fà tí mo kà, tí mo tún fi díẹ̀ lé e, ló bá mi ríṣẹ́ ní Yábà, lọ́dọ̀ dókítà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé. Mo rò pé yóò ní kí n máa kọ orúkọ àwọn aláìsàn ni. Ó fà mí wọ yàrá, ó na okùn kan sí mi.

"Ìwọ̀n ni iṣẹ́ tìẹ," ló wí.

"Ṣé ṣòkòtò la fẹ́ rán fún wọn ni, sà?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rá tó bá dúró sí ìdí èèyàn, ìyẹn jókòó jẹ́jẹ́ ni, bí àlejò tó mọ ìwà hù. Ṣùgbọ́n èyí tó bá kó jọ sí ikùn, oníjàgídíjàgan ni. Òun ló sábà máa ń bá ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ fa wàhálà. "Nítorí náà, fi okùn yí ìdí ọkùnrin ká níbi tó ti yọ jù. Gé e síbẹ̀. Mú okùn kan náà, fi yí ikùn rẹ̀ ká ní ọ̀gangan ìdodo. Má jẹ́ kó fa ikùn sínú o! Bí etí okùn méjèèjì bá pàdé, ó dáa. Bí wọn ò bá pàdé, ikùn ti ju ìdí lọ nìyẹn. Ní kó jókòó dè mí."

"Ṣé kí n sọ fún un pé ó ń ṣàìsàn?"

"Rárá o! Okùn kì í ṣe dókítà. Okùn kàn ń kan ilẹ̀kùn ni. Èmi ni màá wọlé lọ wo ẹni tó wà níbẹ̀."

Nọ́ọ̀sì ló ń wọn àwọn obìnrin lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Tèmi ni àwọn ọkùnrin. Áà, ojú mi rí nǹkan! Ẹ bá mi rò ó: èèyàn méjì péré ló ń fi okùn wọn ẹni nílẹ̀ wa. Télọ̀ ń wọn ẹni láàyè, káfíńtà ń wọn ẹni fún pósí nígbà tí ẹ̀mí ti bọ́. Níwọ̀n ìgbà tí n kò ti ní ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ̀yin náà mọ èyí tí wọ́n pè mí. Ẹnì kan sá láìpadà wá mú fìlà rẹ̀. Ẹlòmíràn ní, "Ọmọ òṣómàáló! Bàbá rẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi títí mo fi sanwó aṣọ, ìwọ wá fẹ́ fi okùn dè mí sí i?" Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́kọ́ fi okùn yí ara mi ká níwájú wọn. Ìdí mi kò tó nǹkan, ikùn mi kò sì sí rárá. Okùn náà á máa fì lára mi bí ìdè ewúrẹ́ tó ti sá lọ. Ẹ̀rín á pa wọ́n. Bí èèyàn bá sì ń rẹ́rìn-ín, ó máa ń gbé apá sókè. Ibẹ̀ ni mo ti ń mú wọn. Ọjọ́ tí gbogbo ọkùnrin tó wá gbà kí n wọ̀n wọ́n, mo ra àkàrà jẹ ní ojú ọ̀nà, mo sì kí alákàrà méjì, láìbẹ̀rù.

Ilé Bàbá Káfíńtà ni mo ń gbé ní Múṣín. Mùsùlùmí ni, ọmọ onílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà níwájú ilé. Ó ń kan ilẹ̀kùn, ó ń kan bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń kan pósí fún àwọn ẹlẹ́sìn Kírísítì tó wà ní Yábà. Ikùn rẹ̀ máa ń wọlé ṣáájú rẹ̀. Èèyàn á ti kí ikùn tán kí bàbá fúnra rẹ̀ tó yọjú. Àwọn ará àdúgbò á ní, "Bàbá, ikùn ọlà!" Òun náà á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a pẹ́pẹ́, á ní, "Ẹni tó bá rí jẹ ni."

Yàrá tó fún mi kò ju ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ, òórùn pákó tuntun ni mo fi ń sùn tí mo fi ń jí. Orí ẹní ni mo ń sùn. Ìyá mi ló dì í lé mi lórí lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀, tó ní, "Orí èyí ni kí o máa sùn. Ohun tó bá ṣeé ká ló ṣeé gbé padà wálé." Ìyá mi kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

Tẹlifóònù wo? Àwọn òyìnbó ló ni ín. Tẹlifóònù tèmi ni Ẹ̀gbọ́n Dírẹ́fà, ará ìlú wa tó ń wa lọ́rì láti Ọ̀yìngbò lọ sí Iléṣà. Bó bá ti dé, mo ti dé gáréèjì. Kì í jẹ́ iṣẹ́ ìyá mi ní ohùn tirẹ̀. Ohùn ìyá mi ló fi ń jẹ́ ẹ, òun ọkùnrin gìrìwò onírùngbọ̀n, lójú gbogbo èrò.

"Ọmọọ̀ mi," á fi ohùn tín-ín-rín sọ ọ́, "ṣé o ti sanra?"

"Ẹ sọ fún wọn pé ara mi le, Ẹ̀gbọ́n."

"Kì í ṣe ohun tí wọ́n ní kí n bi ọ́ nìyẹn. Wọ́n ní ṣé o ti sanra?" Á wá yí mi po, á fọwọ́ kan egungun èjìká mi, á mí kanlẹ̀. "Màá ṣáà sọ pé orí rẹ ti tóbi sí i."

Gbogbo gáréèjì á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá sì yíjú sí ẹ̀yìn lọ́rì bí ẹni tó ń wo táyà. Ohùn ìyá ẹni nínú ọ̀fun dírẹ́fà, ẹ má fi ṣeré. Ó máa ń dunni ju kéèyàn má gbọ́ ọ rárá lọ.

Mo sì máa ń rò ó lójú ọ̀nà padà pé ayé yìí rú mi lójú. Nílé, bí mo bá ru ikùn dé, wọn á kí ìyá mi kú oríire. Ní Yábà, ikùn kan náà ni wọ́n ń san owó fún mi kí n máa ṣọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Súlè, ìyàwó Bàbá Káfíńtà, pè mí sí ẹ̀yìn ilé.

"Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ìwọ tí ò ń bá dókítà ṣiṣẹ́, wá wo nǹkan." Ó fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí ibi tí bàbá máa ń tọ̀ sí lẹ́bàá ògiri. Èèrà ti tò síbẹ̀ bí ẹni tó ń lọ kí ọba. "Omi tí bàbá yín ń mu, kànga wa ò lè bá a dé alẹ́. Á mu tán, á tọ̀ ọ́, á tún mu. Lórí iṣẹ́ ni oorun ti ń gbé e lọ báyìí, tí ayùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ẹ ò bá wọn sọ ọ́, Ìyá?"

"Mo sọ ọ́. Ó ní èèrà Múṣín ló mọ ohun tó dùn."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà sì padà sínú. Mo ti gbọ́ tí dókítà béèrè nípa èèrà lọ́wọ́ àwọn tí okùn wọn kò pàdé. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo mú okùn lọ bá bàbá nídìí iṣẹ́. Ó fi lẹ́ẹ̀dì há etí, ó ń fá pákó.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wọ̀n yín wò."

Ó gbé irin tó fi ń fá pákó sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́. "Kí lo wí?"

"Dókítà wa ní kí n..."

"Ìwọ ọmọ yìí, fetí sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wọn èèyàn. Kò tíì sí ẹyọ kan nínú wọn tó dìde kí mi pé ẹ ṣeun. Mùsùlùmí ni mí! Aṣọ funfun ni wọn á fi sin mí, wọn ò ní wọ̀n mí rárá. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí Ọlọ́run ṣí fún mi láti bọ́ lọ́wọ́ káfíńtà ẹgbẹ́ mi nìyẹn, ìwọ wá fẹ́ dí i? Bí mo bá tún rí okùn lọ́wọ́ rẹ nínú ilé yìí, ká ẹní rẹ."

Ọ̀rọ̀ parí. Àlejò ni mí, ẹní mi sì ṣeé ká. Ẹ ó ní kí n bá tèmi lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ibà dè mí mọ́lẹ̀ nílé náà, tí n kò mọ ẹnikẹ́ni, bàbá yìí ló gbé iṣẹ́ rẹ̀ wọ yàrá mi, tó jókòó, tó ń kan ẹsẹ̀ àga, tó ní òun fẹ́ kí n máa gbọ́ ariwo kí n má baà sùn lọ pátápátá. Orí ń fọ́ mi, ó ń fi òòlù kan igi! N kò tíì rí àánú tó nira tó bẹ́ẹ̀ láti gbà. Bí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ bá ṣubú, ta ló kù fún mi ní Èkó, yàtọ̀ sí ìyá tí mo kí lójú ọ̀nà, tó ní kí wọ́n ṣọ́ra fún mi?

Òwe wa ní bí a bá fẹ́ mú ọ̀bọ, à ń ṣe bí ọ̀bọ ni. Mo ronú ohun tí bàbá fẹ́ràn. Kì í ṣe oògùn. Ikùn rẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, àwọn ọkùnrin àdúgbò jókòó sábẹ́ igi furúùtù níwájú ṣọ́ọ̀bù. Bàbá wà láàárín wọn. Lámídì tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe wà níbẹ̀. Mo jókòó sétí, mo mí kanlẹ̀, mo ní, "Háà, a rí ikùn ní Yábà lọ́sẹ̀ yìí o!"

"Ikùn ta ni?" Lámídì ló béèrè.

"Ọkùnrin kan tó ń ta pákó ní Òtò. A fi okùn yí ìdí rẹ̀ ká, a fi okùn náà yí ikùn ká, kò dé! Ó ku ìka mẹ́ta gbáko kó pàdé. Dókítà fúnra rẹ̀ dìde, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́."

Gbogbo rẹ̀ lòótọ́. Dókítà ń bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́. Ìyẹn nìkan ni n kò sọ.

Bàbá Káfíńtà yí ojú sí mi. "Onípákó Òtò? Èyí tí mo ń ra pákó lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Òun náà ni, Bàbá."

"Ìyẹn ló ń jẹ́ ikùn? Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbọ́ mi o! Ikùn ìyẹn kì í ṣe ikùn, afẹ́fẹ́ ni! Bó bá súfèé, ó ti lọ nìyẹn!"

"Ìka mẹ́ta ṣáà ni," mo fi pẹ̀lẹ́tù sọ ọ́.

"Gbé okùn wá!"

Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Bàbá, ẹ ti ní n kò gbọdọ̀ mú okùn wọ ilé yìí mọ́. Ẹ̀rù ẹní mi ń bà mí."

"Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀ okùn tìẹ?" Ó dìde fùú, ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó fa okùn ẹlẹ́fun tó fi ń fa ìlà sára pákó jáde. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi yí i mọ́ ìdí, ó ní kí Lámídì wò ó dáadáa kí wọ́n má baà ní òun ṣe màgòmágó, ó gé e. Ó ká bùbá sókè, ó yí okùn mọ́ ikùn. Ó fà á. Ó tún fà á. Okùn dúró lọ́tùn-ún, okùn dúró lósì, wọn ò rí ara wọn sójú. Lámídì fi ọwọ́ wọn àárín wọn.

"Àtẹ́lẹwọ́ odidi!" ló pariwo. "Àtàǹpàkò tún lé e!"

Ariwo sọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pe bàbá ní ọba ikùn, ó ń gbá ikùn pẹ́pẹ́, ìlà ẹfun funfun yí i ká bí àmùrè. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọkùnrin tí mo ti wọ̀n ní Yábà, n kò tíì rí àlàfo tó fẹ̀ tó yẹn. Mo wo ẹnu ọ̀nà. Ìyá Súlè dúró níbẹ̀, òun nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

"Bàbá," mo ní, "ẹni tó borí báyìí, dókítà wa á fẹ́ rí i o."

"Kí ló dé tí kò ní fẹ́?"

Ní ọjọ́ Ajé, ó wọ agbádá, ó dé fìlà, a jọ lọ sí Yábà. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì láàárín àwọn aláìsàn, ó ń kí wọn kú ìnira bí olóyè tó wá bẹ wọ́n wò. Nígbà tó kàn án, dókítà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Bàbá bojú wẹ̀yìn wò mí: ṣé o rí i?

Dókítà ní, "Bàbá, ṣé òùngbẹ ń gbẹ yín púpọ̀?"

Ojú bàbá tún padà sọ́dọ̀ mi. Mo wo òrùlé.

Dókítà gbé ife kan fún un, ó ní kó lọ tọ̀ wá. Bàbá yẹ ife náà wò. "Ṣé èyí ni ẹ fún Onípákó náà?"

"Gbogbo èèyàn ni mo ń fún."

"Ẹ bá mi wá èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀."

Nọ́ọ̀sì sá wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà padà wá láti yàrá kejì, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fa àga tì í, ó jókòó. Ó ní ṣúgà wà nínú ìtọ̀ náà, ó pọ̀. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà ti lọ sókè. Ó ní irú rẹ̀ máa ń gbé èèyàn ṣubú láìkìlọ̀, ṣùgbọ́n àyè ṣì wà, bí bàbá bá lè gba ìtọ́jú, kó yí oúnjẹ rẹ̀ padà, kó sì máa wá. "Ẹ ṣeun tí ẹ tètè wá," ló fi kún un.

Bàbá Káfíńtà dìde. Ó bọ́ agbádá, ó ká a, ó gbé e lé èjìká. Láti Yábà dé Múṣín, iwájú mi ló ń rìn, kò bojú wẹ̀yìn. Nígbà tí a dé ilé, Lámídì pariwo láti òdìkejì, "Bàbá, ipò kelòó?"

"Ìkíní," ló wí. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Mo mọ ohun tó kù. Kò gbà mí ní àkókò rárá: mo di aṣọ mi, mo nu àwo mi, ìwọ̀nba tó kù ni ẹní. Ibẹ̀ ni mo ti rí i bí ìgbé ayé mi ṣe fúyẹ́ tó ní Èkó. Gbogbo ọjọ́ tí mo lò níbẹ̀, ẹrẹ̀ àti ẹ̀rín àti ibà, apá kan ṣoṣo ló lè gbé e. Mo ní màá sùn lé e lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ilẹ̀ bá mọ́, kí wọ́n tó lé mi, mo ti wà ní Ọ̀yìngbò. Ẹ̀gbọ́n Dírẹ́fà á ní kí ni kí òun sọ fún ìyá mi. Màá ní kó sọ pé orí mi tóbi jù fún Èkó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nǹkan tútù kan kàn mí ní gìgísẹ̀. Mo la ojú. Okùn ẹlẹ́fun wà lára mi gbọọrọ, láti àtàrí títí dé ẹsẹ̀. Bàbá Káfíńtà kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi, lẹ́ẹ̀dì wà létí rẹ̀.

Mo lọgun! Ẹ̀yin tí ẹ ti ń fi mí rẹ́rìn-ín látẹ̀yìn, ẹ bá mi lọgun náà. Ìyá Súlè sáré dé pẹ̀lú ìgbakọ lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ ṣàánú mi, n ò tíì kú!"

"Mo mọ̀. Òkú kì í hanrun báyẹn." Kò gbé ojú sókè. "Nígbà tí o wọ̀n mí, ṣé mo pariwo?"

"Ẹ̀yin lẹ wọn ara yín, Bàbá."

Ikùn rẹ̀ kọ́kọ́ mì, kí ẹ̀rín tó jáde. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fọwọ́ ti ilẹ̀. Ó wá fi ìka tọ́ka sí pákó gbọọrọ tó fara ti ògiri. "Mo ti tọ́jú ìyẹn pamọ́ fún pósí. N kò mọ ti ta ni. Mo fẹ́ fi kan bẹ́ẹ̀dì kíákíá kí pákó náà tó mọ ẹni tó ń wá."

"Ẹní mi ńkọ́, Bàbá?"

"Fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ. Sọ fún wọn pé onílé rẹ ní bẹ́ẹ̀dì kò ṣeé ká." Ó fọwọ́ gbá mi lórúnkún. "Na ẹsẹ̀ rẹ dáadáa, ọmọ Ìjẹ̀ṣà. N kò fẹ́ kó kúrú."

Mo na ẹsẹ̀. Ó fi ẹfun sàmì sórí sìmẹ́ǹtì ilé rẹ̀, níbi tí mo parí sí.